Ìdẹ olóòórùn fún kòkòrò tó ń lu gẹdú: oṣù mẹ́rin tí mo fi lò ó

Pákó arère ogójì tí kafíńtà kan dá padà fún mi ní Bódìjà ló sún mi dé ìdí ìdẹ yìí. Ó gbé ọ̀kan sókè sí oòrùn, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó fúnra yín." Ihò wẹ́wẹ́ kún un lára bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ́rẹ́ gún un, etí gbogbo ihò náà sì ti dúdú. Owó ni mo dá padà fún un, ojú sì tì mí.

Ìkán kọ́ ló ṣe é. Kòkòrò kan tí kò tó hóró ìrẹsì ni, kò tilẹ̀ jẹ igi. Abo rẹ̀ á dá ihò wọ inú gẹdú, á gbin olú tín-tín-tín kan bí èbu sí ara ihò náà, olú yẹn ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ á máa jẹ. Olú náà ló ń sọ etí ihò di dúdú. Bó sì ṣe ń mọ gẹdú tó dára fún un rèé: igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí omi ṣì wà lára rẹ̀, á máa kan díẹ̀díẹ̀ nínú, ọtí á sì máa jáde lára rẹ̀. Ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù gan-an ni, irú èyí tó wà nínú ògógóró. Àwa lè má gbọ́ òórùn rẹ̀, àmọ́ kòkòrò ń gbọ́ ọ.

Òórùn yẹn ni wọ́n dì sínú ìdẹ. Àpò ọ̀rá méjì ló wà nínú páálí tí mo rà ní oṣù kìíní. Ẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú ọ̀kan, èkejì jẹ́ alpha-pinene, tí wọ́n ń rí lára oje igi páìnì. Ẹni tó bá ti dúró ti pẹ́ńtà nígbà tó ṣí agolo tọ́pẹ́ńtáìnì ti mọ òórùn rẹ̀. Ọ̀rá náà nípọn, òórùn á máa jò lára rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò ní í tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Pàkúté tí wọ́n sábà máa ń so ó mọ́ ni èyí tí Lindgren, onímọ̀ nípa kòkòrò, gbé jáde ní Kánádà ní 1983: àrọ dúdú bí èyí tí a fi ń rọ epo, tí wọ́n to lé ara wọn, kòkòrò tó bá forí sọ ọ́ á máa yọ̀ bọ́ títí dé inú ife ìsàlẹ̀. Ọ̀wọ́n ni. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni èmi lò. Mo gé fèrèsé mẹ́ta sí i lára, mo da orí rẹ̀ kodò, mo bu omi ọṣẹ sí ọrùn rẹ̀, mo so àpò ìdẹ kọ́ sí àárín. Tí mo bá fẹ́ ka ohun tó kó, màá tú ìdérí, màá sì sẹ́ ẹ.

Ibi tí mo ti ṣì í nìyí, ẹ má ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ gẹdú gan-an ni mo kọ́kọ́ gbé e kọ́ sí ní Mọ́níyà. Lọ́jọ́ karùn-ún ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pè mí: "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan." Ìyẹ̀fun igi funfun ti yọ jáde lára gẹdú mẹ́ta, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìtayín, mo fọwọ́ kàn án, ó wó. Òórùn ìdẹ ló pè wọ́n wá, gẹdú mi ni wọ́n yà sí. Láti ìgbà náà, ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí gẹdú ni mo ń so ó sí, létí igbó, kó má ga ju àyà lọ.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóṣù kẹta, mo so ike mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó ní ẹ́tánọ́ọ̀lù nìkan kó 71. Èyí tó ní àpò méjèèjì kó 38. Èyí tí mo ki òwú tí mo rẹ sínú ògógóró bọ̀ kó 29, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló sì kó èyí tó pọ̀ jù, lẹ́yìn ìyẹn ó gbẹ. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ nígbà tí mo rò ó dáadáa. Òórùn páìnì ni alpha-pinene, arère, afárá àti tíìkì kì í ṣe páìnì. Ẹni tó bá ní oko páìnì lè nílò méjèèjì. Ní tèmi, ìdajì owó páálí yẹn ló ṣòfò.

Ẹni tó bá fẹ́ fi pa kòkòrò tán, kó má rà á. Àwọn tó kù nínú igbó pọ̀ ju èyí tó bọ́ sínú ike lọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún mi ni pé ó ń jẹ́ kí n mọ ìgbà tí wọ́n ń fò. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, mẹ́ta mẹ́rin ni mò ń rí lọ́sẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, wọ́n dé rẹpẹtẹ. Ní báyìí, tí iye wọn bá ti kọjá 20, arère kò gbọdọ̀ sùn sílẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Mo ti là á, mo ti fi igi pẹlẹbẹ ya pákó sọ́tọ̀ síra wọn kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn. Pákó tó bá ti gbẹ, olú wọn kò lè hù nínú rẹ̀, wọn kì í sì í wá a. Pákó tí mo là lóṣù kẹrin mọ́ ju ti èṣí lọ fíìfíì.

Ohun tí n kò fẹ́ràn: wọ́n kọ oṣù mẹ́ta sára àpò náà, ooru wa kò jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àti pé àpò kejì tí mo rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ti rọ pẹlẹbẹ kó tó dé ọwọ́ mi, ó sì kọ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ àpò wò kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ kò bá gbọ́ omi nínú rẹ̀, ẹ dá a padà.

Àpò ẹ́tánọ́ọ̀lù mẹ́fà ni mo tún bèèrè fún, láìsí èkejì. Kó tó dé, ògógóró la fi ń dì í mú. Ọmọ ọ̀dọ̀ mi ń pààrọ̀ òwú náà lọ́jọ́ méjì-méjì, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye kòkòrò sára ògiri ilé ìlagi. Láàárọ̀ yìí, 14 ló kọ.