Ìràwọ̀ Olówó Gọbọi àbí Ọ̀dọ́ Tí À Ń Tọ́: Èwo Ló Yẹ Ẹgbẹ́ Alájùsáwọ̀n?
Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Toronto fi DeMar DeRozan, ààyò àwọn olólùfẹ́ wọn, ṣe pàṣípààrọ̀ láti gba ìràwọ̀ kan, Kawhi Leonard. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ NBA, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Àríwá Amẹ́ríkà, ní 2019, Leonard sì bá tirẹ̀ lọ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, mo gbà pé wọn kò pàdánù.

Ti Brooklyn yàtọ̀ pátápátá. Ní 2013, wọ́n kó ẹ̀tọ́ àtiyan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun tó ń wọ NBA fún Boston nítorí ìràwọ̀ méjì, Paul Pierce àti Kevin Garnett, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 37. Láti inú ẹ̀tọ́ yẹn ni Boston ti rí Jaylen Brown àti Jayson Tatum, tí wọ́n jọ gba ife-ẹ̀yẹ ní 2024.

Lójú tèmi, ẹgbẹ́ tó ku ẹnì kan ṣoṣo kó pé nìkan ló yẹ kó náwó-nára bẹ́ẹ̀.