OpenRefine, Excel, tàbí iṣẹ́ orí ayélujára tí à ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù: èwo ni kó bá yín ṣa orúkọ tó jọra?

Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa n'Íbàdàn. Akọ̀wé mẹ́rin ló ti kọ ìwé náà kó tó kàn mí, oníkálukú pẹ̀lú bó ṣe ń kọ orúkọ. Mo ti lo ọ̀nà mẹ́ta láti wá ẹni tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: OpenRefine, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tún àkọsílẹ̀ ṣe, Power Query tó wà nínú Excel, àti iṣẹ́ orí ayélujára kan tí mo sanwó rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ti bí wọ́n ṣe ń yára tó, mi ò ní bá yín sọ ọ́. Fún irú fáìlì tí ẹgbẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù máa ń ní, gbogbo wọn ló yára tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò kí ẹ tó náwó ni èyí. Ẹ kọ Oluwaseun àti Oluwasegun sílẹ̀ láìsí àmì, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù. Lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, èèyàn méjì sì ni. Ẹ wá kọ Adesola àti Adeshola. Lẹ́tà kan péré ló ya àwọn yẹn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹnì kan ni: akọ̀wé kan fi s kọ ṣ, èkejì fi sh kọ ọ́.

Ìṣirò Levenshtein, tó ń ka iye lẹ́tà tí a máa yí kí orúkọ kan tó di èkejì, fún Oluwaseun àti Oluwasegun ní ìjọra 90 nínú 100. Ó fún Adesola méjèèjì ní 87.5. Jaro-Winkler, ìṣirò ìjọra mìíràn, wá burú sí i fún orúkọ tiwa, torí ó máa ń fi máàkì kún un bí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ bá bára mu, títí dé lẹ́tà mẹ́rin. Gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Olúwa-nǹkan ló ń gba máàkì yẹn pé. Ó fún Oluwaseun àti Oluwasegun ní 98, ó fún Adesola méjèèjì ní 97.5. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn tí kì í ṣe ẹnì kan náà ló gba máàkì tó ga jù. Kò sí iye kankan tí ẹ lè fi ààlà sí tó máa kó Adesola méjèèjì pọ̀ tí kò ní kó àwọn yòókù mọ́ ọn.

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ tí mo sanwó rẹ̀ ní, láti 0 dé 100. Mo gbé e sí 85. Ó pa orúkọ pọ̀ fúnra rẹ̀, ó dá fáìlì tó mọ́ tónítóní padà, inú mi sì dùn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Ṣeun àti Ṣẹ́gun tiwa, orúkọ bàbá kan náà, àdúgbò kan náà. Nígbà tí owó iléèwé dé, Ṣẹ́gun wá gbowó, a ò rí orúkọ rẹ̀. Ó ṣí káàdì rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, oṣù dé oṣù, ìbuwọ́lù tèmi wà níwájú gbogbo wọn. Gbogbo owó náà ti wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìlọ́po méjì àjẹṣẹ́kù la sì máa ń yá èèyàn, nítorí náà a ti yá ẹ̀gbọ́n ní owó tó ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ, láìmọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi tú rìsíìtì kọ̀ọ̀kan wò. Iṣẹ́ náà ò fi àkọsílẹ̀ kankan sílẹ̀ nípa èyí tó pa pọ̀ mọ́ èyí.

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá fẹ́ ra irú nǹkan yìí nìyẹn: ṣé ó máa fi hàn mí kó tó pa á pọ̀?

OpenRefine ń fi hàn. Ó máa kó àwọn orúkọ tó jọra sí ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye ìlà tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ní, àpótí kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ò bá fi àmì sínú àpótí náà, kò ní fọwọ́ kàn án. Gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe wà ní Undo/Redo, ẹ lè padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Orí kọ̀ǹpútà yín ló ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ọmọ ẹgbẹ́ kò jáde lọ síbì kankan.

Nínú OpenRefine, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà ìkójọ tí wọ́n ń pè ní fingerprint. Ó ń yọ àmì ohùn àti àmì ìdánudúró, ó ń to ọ̀rọ̀ ní A, B, D, torí náà “Ọláwálé, Bísí” àti “bisi olawale” máa bọ́ sí ìdìpọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá òpó tuntun, kí ẹ sọ sh di s nínú rẹ̀ pẹ̀lú value.toLowercase().replace("sh","s"). Ẹ má fọwọ́ kan òpó àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn ni Adesola méjèèjì máa di ọ̀kan láìsí pé ẹ dín ààlà kù rárá. Ẹ wá lo ọ̀nà kejì, nearest neighbor, pẹ̀lú Levenshtein àti Radius 1, ìyẹn ni pé kó wá orúkọ tí lẹ́tà kan péré yà. Block Chars máa ń wà ní 6, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ rí lẹ́tà mẹ́fà tó tẹ̀lé ara wọn tó bára mu kó tó fi orúkọ méjì wéra. Bola àti Bolaa ò ní pàdé láéláé. Ẹ sọ ọ́ di 3.

Power Query ti Excel ní ohun kan tí mo fẹ́ràn: Transformation table, òpó méjì, From àti To. Ẹ kọ Taiye sí From, Taiwo sí To, ó parí. Similarity threshold rẹ̀, ìyẹn ààlà ìjọra, máa ń wà ní 0.80. Ẹ gbé e sí 0.90 fún orúkọ èèyàn, kí ẹ má sì kọ nǹkan kan sí Maximum number of matches, kí ẹ lè rí gbogbo ẹni tó ń bá ara wọn du ìlà kan. Àtẹ méjì tí ẹ fẹ́ so pọ̀ ló dára fún jù, bíi ti ẹgbẹ́ àti ti báǹkì.

Orúkọ ilé-iṣẹ́: ẹ yọ Nigeria Limited, Nig Ltd, Ventures, Global àti Enterprises kúrò ná. Tola Global Ventures Nigeria Limited àti Bola Global Ventures Nigeria Limited jọra tó 97 nínú 100. Bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lọ́jà yẹn, ó di 75. Bí nọ́ńbà RC, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, bá wà lọ́wọ́ yín, òun ni kí ẹ fi wá wọn.

Soundex, tó ń fi ìró orúkọ sọ ọ́ di kóòdù: ẹ fi sílẹ̀. Ọdún 1918 ni wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́ta ló ń fún orúkọ. Olúwa nìkan ti jẹ ọ̀kan nínú mẹ́ta náà. O435 ni Oluwatoyin, O435 náà ni Oluwadamilola.

Obìnrin tó yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó: kò sí èyí tó lè rí i nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nọ́ńbà fóònù ni kí ẹ fi wá a. Ọjọ́ ìbí nìkan ò tó, pàápàá níbi tí ìbejì pọ̀ sí.

Ẹni tó bá ti ní Excel tẹ́lẹ̀, tó kàn fẹ́ so àtẹ méjì pọ̀, kó má wá nǹkan mìíràn. Ẹni tí orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ gan-an, tí kò sì sí owó ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wọn, bíi àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ìwé ìkíni ránṣẹ́ sí, lè san ti oṣooṣù. Ṣùgbọ́n bí owó èèyàn bá so mọ́ orúkọ náà, OpenRefine ni mo máa ní kí ẹ gbé sórí kọ̀ǹpútà yín lónìí. Lóṣooṣù ló ṣì máa ń kó Oluwaseun àti Oluwasegun wá síwájú mi nínú ìdìpọ̀ kan. Mi ò kì í fi àmì sí àpótí wọn.