Vespa PX 150: alùpùpù tí kì í ba aṣọ jẹ́

Kí n tó kan ẹ́ńjìnnì rárá, ọ̀rọ̀ aṣọ ni màá kọ́kọ́ sọ. Lórí Vespa PX 150 tí mò ń gùn ní Ìbàdàn, mo lè wọ ìró àti bùbá léèsì lọ sóde ìnáwó, kí n sì débẹ̀ láìní àbàwọ́n. Kò sí táńkì láàárín ẹsẹ̀ tí èèyàn máa gbẹ́sẹ̀ dá kọjá bíi ti ọ̀kadà. Pẹpẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, irin gbàgìdì iwájú sì ń gba ẹrẹ̀ àti omi ojú ọ̀nà dípò orúnkún mi. Kò ní ṣéènì. Ara táyà ẹ̀yìn gan-an ni ẹ́ńjìnnì àti jíà so mọ́, lábẹ́ ìdérí ọwọ́ ọ̀tún, nítorí náà gíríìsì kò ríbi kan aṣọ. Lẹ́yìn irin iwájú yẹn ni àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ wà. Ibẹ̀ ni gèlè mi máa ń wà títí màá fi bọ́ àṣíborí.

Gbogbo èyí kì í ṣe èèṣì. Corradino D'Ascanio, ẹnjiníà ọkọ̀ òfurufú ní Ítálì, ló ya àwòrán Vespa àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 1946, kò sì fẹ́ràn àwọn alùpùpù ìgbà náà: wọ́n ń dọ̀tí, táyà wọn sì ṣòro láti yọ. Apá kan ṣoṣo ló fi di táyà iwájú mú, bí ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ òfurufú fi ń balẹ̀. PX tó dé lọ́dún 1977 kò pa ọgbọ́n yẹn tì. Ínǹṣì 10 ni táyà iwájú àti tẹ̀yìn, sípéà sì wà lábẹ́ ìdérí ọwọ́ òsì. Bí ìṣó bá gún ọ̀kan lọ́nà Mọ́níyà, èmi fúnra mi ni mo máa ń tú nọ́ọ̀tì, bíi ti mọ́tò, tí màá pààrọ̀ rẹ̀.

Ọwọ́ òsì ni jíà wà: ẹ fún kílọ́ọ̀ṣì, ẹ yí ìdìmú ibẹ̀ sókè fún jíà kìíní, sísàlẹ̀ fún ìyókù títí dé ìkẹrin. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lórí òkè Mọ́kọ́lá.

Ṣùgbọ́n táyà kékeré kò bá kòtò ṣọ̀rẹ́, ẹ́ńjìnnì tó wà lápá kan sì ń jẹ́ kó wúwo sọ́tùn-ún. Ó ń rú èéfín, torí ọ́ìlì ni a ń pò mọ́ epo rẹ̀, mililita 20 sí lítà kan. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó wá èyí tó ní bíréèkì díìsì níwájú, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998. Kó má sì jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tan òun jẹ. Kò ní fírémù mìíràn lábẹ́ ara yẹn, ara náà ni fírémù. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìka kan abẹ́ pẹpẹ ẹsẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bó bá ti dípẹtà níbẹ̀, ẹ wá òmíràn.