Sọ́ftínà tó ń fọ ara ẹ̀ lálaalẹ́: ohun tí mo rí nídìí tiwa ní Gbàgádà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra sọ́ftínà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú kí omi tó le rọ̀, sílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí ná. Omi borehole tiwa, ọṣẹ kì í hó nínú ẹ̀, kóṣù tó parí èépá funfun á ti bo ìdí kẹ́tùrù, ìdí nìyẹn táwa fúláàtì mẹ́rin fi dáwó jọ ra onímítà, èyí tó máa ń ka omi tó ń gba inú ẹ̀ kọjá, tó bá ti pé iye tí wọ́n tẹ̀ sí i, á fi omi iyọ̀ fọ rẹ́síìnì inú ẹ̀, àwọn hóró wẹ́wẹ́ tó ń gba ohun tó ń mú omi le, lóru. Omi tó ń ti inú ẹ̀ jáde dáa gan-an, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, aṣọ funfun àwọn ọmọ kì í le gbagidi mọ́.

Àmọ́ lálaalẹ́ ló ń fọ ara ẹ̀! Màá máa gbọ́ tí omi ń ya sí gọ́tà ní bí aago méjì òru, àpò iyọ̀ 25kg ò sì pé ọ̀sẹ̀ kan táá fi tán, ká má tíì sọ ti omi tá a fi epo jẹnẹrétọ̀ fà, nǹkan bíi 200 lítà ló ń bá ìfọ̀ kan lọ.

Pọ́ńbà tó wá fi í sílé ní bó ṣe yẹ kó máa ṣe nìyẹn, pé omi Èkó le. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Mo gbé omi lọ sí láàbù, wọ́n ní líle ẹ̀ jẹ́ 120mg nínú lítà kan, tẹ́ ẹ bá fi 17.1 pín in ó di gíréènì 7 nínú gálọ̀nù kan, ìwọ̀n líle omi tí ẹ̀rọ náà ń lò, ẹ fi 1 kún un torí irin díẹ̀ tó wà nínú omi náà, ó di 8. Àmọ́ 30 ni pọ́ńbà tẹ̀ sójú ẹ̀rọ! Mítà TDS tí wọ́n ń tì bọ omi ló fi wọ̀n ọ́n, ìyẹn sì ń ka gbogbo ohun tó bá ti yòrò sómi, kì í ṣe calcium àti magnesium tó ń mú omi le nìkan. Sọ́ftínà tiwa lè gba gíréènì 24,000 kó tó di pé ó nílò ìfọ̀. Lórí 30, gálọ̀nù 800 péré ni, bíi 3,000 lítà, táá fi ní ó ti tó àsìkò ìfọ̀. Lórí 8, gálọ̀nù 3,000 ni, ó lé ní 11,000 lítà.

Mo yí i sí 8, ó dín kù, síbẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìgbà tí mo gun orí táńkì ni mo rí i pé bọ́ọ̀lù tó ń ti omi ti lu, omi kún inú ẹ̀, kò léfòó mọ́, omi wá ń ṣàn gba ẹ̀yìn ògiri títí ibẹ̀ fi hu ewédò. Sọ́ftínà ò kúkú mọ omi tó ṣòfò, mítà ẹ̀ ń kà á lọ ni. A pààrọ̀ bọ́ọ̀lù yẹn, ó ti ń tó ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà báyìí kó tó fọ.

Ti NÉPÀ náà ò kéré, tíná bá lọ pẹ́ aago ẹ̀ á sọ nù, á wá máa fọ lọ́sàn-án gangan tí gbogbo ilé ń lo omi. A ti so ó mọ́ inverter.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún fún ẹ̀rọ, ọ̀kan péré fún ẹni tó fi í sílé. Kẹ́ ẹ tó san owó tó kù fún pọ́ńbà, ẹ ní kó fi nọ́ńbà tó tẹ̀ sí i hàn yín, kó sì sọ ibi tó ti rí i.