Wíńtà mẹ́ta tí mo fi wa mọ́tò oníná ní Edmonton, bó ṣe rí gan-an nìyí

Láti ìgbà tí mo ti padà dé sí Akóbọ̀ lọ́dún tó kọjá, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń bi mí ṣáá, pàápàá àwọn àbúrò wa tí físà Kánádà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mọ́tò oníná kì í ṣiṣẹ́ nínú òtútù, ṣé lóòótọ́ ni?" Mo ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó mi, ìdí tí mo fi ní kí n jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Mo wa ọ̀kan ní Edmonton, ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà, láti September 2022 títí mo fi tà á ní 2025, wíńtà mẹ́ta gbáko. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é torí ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo mọ́tò oníná, kò kan tèmi nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí kí ẹ má baà máa wá a kiri. Tí ẹ bá níbi tí ẹ ó ti máa ki í bọ iná nílé yín lálaalẹ́, ẹ rà á, ẹ máa gbádùn ẹ̀ ju mọ́tò epo lọ nínú òtútù yẹn. Tó bá jẹ́ pé fúláàtì lẹ rẹ́ǹtì, tẹ́ ẹ ò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ tiyín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì rà á.

Èmi gan-an, inú fúláàtì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń wà níwájú ibi ìpáàkì kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń wa mọ́tò epo ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n á ki wáyà ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì wọn gbóná bọ̀ ọ́ lálẹ́ kí òtútù má baà jẹ́ kó kọ̀ láti tàn láàárọ̀. Bí mo ṣe rí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo sọ pé ọ̀rọ̀ bù ṣe, mo sanwó mọ́tò. Mi ò mọ̀ pé 120 volt lásán ni, iná tó lè fún mọ́tò ò ju nǹkan bíi kílówáàtì 1.4 lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní December tó tutù dé -30 lórí ìwọ̀n Celsius, mo ki í bọ̀ ọ́ ní aago mẹ́sàn-án, bátìrì wà ní 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo jáde ní aago méje àárọ̀, 44 ni mo bá. Wákàtí mẹ́wàá o! Mo rò pé ẹnìkan ló wá yọ ọ́ lóru. Àṣé bátìrì tó bá tutù tó bẹ́ẹ̀ ò lè gba iná, mọ́tò á kọ́kọ́ fi iná yẹn yá bátìrì lára ná, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù ló ń wọlé. Láńlọ́ọ̀dù sì tún ti ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kó máa tàn fúngbà díẹ̀ kó tún kú, kí owó iná má baà ga, àwọn tó ń wa mọ́tò epo ò mọ̀ ọ́n lára rárá, èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Bátìrì lithium yìí, omi kan wà nínú ẹ̀ tí iná ń bá rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Tí òtútù bá mú omi yẹn, ìrìn inú ẹ̀ á falẹ̀, ẹ rántí bí epo pupa ṣe máa ń ki nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́, tẹ́ ẹ bá dorí ẹ̀ kodò tí kò fẹ́ jáde, ó fara jọ ọ́. Tí wọ́n bá wá fi tipátipá ti iná sí i nígbà tó ti tutù kọjá òdo, lithium á máa dì mọ́ ara ẹ̀gbẹ́ kan dípò kó wọ inú ẹ̀, bátìrì á sì bàjẹ́ láìní àtúnṣe. Torí ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà mọ́tò fi máa ń dín iná kù tàbí kó tiẹ̀ sé e pátápátá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rí i wọ́n á ní mọ́tò ti bàjẹ́, ara ẹ̀ ló ń dáàbò bò.

Híta wá ni tiẹ̀. Mọ́tò epo, ooru tí ẹ́ńjìnnì ń dà nù tẹ́lẹ̀ náà ló ń fi mú inú mọ́tò gbóná, ọ̀fẹ́ ni. Mọ́tò oníná ò ní irú ooru yẹn, inú bátìrì kan náà tó fi ń rìn ló ti ń bù ú. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò AAA ní Amẹ́ríkà dán mọ́tò oníná márùn-ún wò ní 2019, nígbà tó tutù dé -7 tí wọ́n sì tan híta, ìrìn mọ́tò fi 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, nígbà tí wọn ò tan híta, 12 péré ló dín. Híta ló ń kó o lọ! Tèmi, bátìrì 60 kWh (kílówáàtì-wákàtí, ìwọ̀n iná tó lè gbà) ló ní, tó bá jẹ́ July ó ń rin nǹkan bíi kìlómítà 380. Tó bá di -10, nǹkan bí 270. Tó bá wá bọ́ sí -30, 200 ni, kódà kì í tó bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ ìrìn kéékèèké tí mò ń páàkì tó tún ń tutù padà. Ẹ fojú Ìbàdàn wò ó: pẹ̀lú 380 ẹ máa gbéra ní Challenge, ẹ máa dé Èkó, ẹ máa padà wálé, iná á tún ṣẹ́ kù. Pẹ̀lú 200, ẹ máa dé Èkó lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè padà dé láìwá ibi tẹ́ ẹ ti máa cháàjì.

Ọ̀nà jíjìn yìí ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. January 2023, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fẹ́ sọmọ lórúkọ ní Calgary, bíi kìlómítà 300 sí Edmonton, òtútù wà ní -27. Mo ti ṣírò ẹ̀ pé Red Deer tó wà ní àárín méjì la ti máa cháàjì, nígbà tá a débẹ̀ iná bátìrì ku 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti kú, mọ́tò méjì sì ti tò síwájú wa. Nígbà tó wá kàn wá, ẹ̀rọ tí wọ́n kọ kílówáàtì 100 sí lára, 27 ló ń fún wa. A jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Mo ti pa híta kí gbogbo iná lè wọ bátìrì, ìyàwó mi tú ìró tó fẹ́ fi lọ òde, ó fi wé ọmọ wa lẹ́sẹ̀ lórí kóòtù àti ìbọ̀sẹ̀ méjì, gèlè ẹ̀ wà lórí itan ẹ̀ nínú ọ̀rá, gíláàsì ti funfun láti inú débi pé a ò rí ìta mọ́. Nígbà tá a fi máa dé Calgary wọ́n ti sọmọ lórúkọ tán, wọ́n ti ń kó abọ́. Ó dùn mí gan-an, ó sì dun ìyàwó mi jù mí lọ.

Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wa lórí ìlà ọjọ́ yẹn ló wá kan gíláàsì mi tó sọ fún mi pé kí n máa fi ibi tí mo fẹ́ ti cháàjì sínú máàpù mọ́tò kí n tó gbéra, pé mọ́tò á ti mọ̀ pé òun ń lọ cháàjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bátìrì lójú ọ̀nà. Wọn ò sọ èyí fún mi níbi tí mo ti rà á! Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá ní February, òtútù ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, iná wọlé ní kílówáàtì 70 àti díẹ̀, a ò lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ.

Ọdún kejì a kó lọ sí ilé tó ní gárèèjì, mo gbé réwáyà wá kó fa 240 volt síbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ná mi ní nǹkan bíi 1,500 dọ́là, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti wá mọ ohun tí mọ́tò oníná jẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Màá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, màá fi fóònù tan híta mọ́tò nígbà tó ṣì wà lórí iná ilé, kò ní fọwọ́ kan iná inú bátìrì, tí n bá fi máa wọlé, àga ti gbóná, sítíárì ti gbóná, kò sí èéfín tó máa kún gárèèjì. Láàárọ̀ tí iṣẹ́ bá parí, ẹ máa rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níta tí wọ́n ń fi wáyà bátìrì so mọ́tò kan mọ́ èkejì kó lè tàn. Tèmi ò kọ̀ rí torí òtútù, àfi ọjọ́ kan.

Ọjọ́ yẹn, -38 ni. Bátìrì ńlá ṣì kún dé 80, ṣùgbọ́n bátìrì kékeré 12 volt, irú èyí tó wà nínú gbogbo mọ́tò, òun ló kú, òun ló sì ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń jí kọ̀ǹpútà. Mo dúró síta lẹ́nu iṣẹ́ mi tí mọ́tò ò dá mi lóhùn, mo fa kọ́kọ́rọ́ irin kékeré tó wà nínú rìmóòtù yọ, ìka mi ti kú tipẹ́ kí n tó rí ihò ẹ̀. Ẹ bá mi dì í mú o: ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ bátìrì kékeré yẹn wò kí wíńtà tó wọlé.

Ìlẹ̀kùn kékeré tá a fi ń cháàjì náà máa ń dì pa tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ kí ìlẹ̀ tó tutù. Ẹ má da omi gbígbóná sí i, omi yẹn náà á dì. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo máa ń gbé lé e, màá kà dé ọgọ́ta, màá rọra fọwọ́ gbá a. Tẹ́ ẹ bá sì gbéra pẹ̀lú bátìrì tó tutù, tẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mọ́tò ò ní fà padà bó ṣe máa ń fà, torí kò lè dá iná padà sínú bátìrì tó tutù. Ẹsẹ̀ yín ní láti tètè dé búréèkì, pàápàá lórí yìnyín. Ti táyà, èyí tó ní àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí yìnyín wà láàárín ni kẹ́ ẹ rà.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní 13 January 2024 tí mi ò lè gbàgbé. Òtútù ọjọ́ yẹn kọjá -40 láwọn ibì kan lágbègbè Edmonton. Lálẹ́, gbogbo fóònù inú ilé figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìjọba Alberta ní kí gbogbo wa dín iná kù lójú ẹsẹ̀, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè máa mú iná lọ ládùúgbò-ládùúgbò. Àyà mi já, torí èmi mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí NEPA múná lọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n nínú òtútù tó lè pa èèyàn. Mo sáré lọ yọ mọ́tò kúrò lórí iná, ó wà ní 64. Àwọn èèyàn gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lílo iná ti wálẹ̀, iná ò lọ. Látìgbà yẹn, tí n bá ti rí i pé òtútù líle ń bọ̀, mi ò ní jẹ́ kí bátìrì kéré sí ààbọ̀.

Àwọn kan á ní Norway tí òtútù wà náà ńkọ́? Òótọ́ ni, nínú ọgọ́rùn-ún mọ́tò tuntun tí wọ́n tà níbẹ̀ ní 2024, nǹkan bí 89 ló jẹ́ oníná pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń cháàjì nílé ni, etí òkun tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ò sì tutù tó Alberta.

Owó iná mi nínú wíńtà fún mọ́tò nìkan, nǹkan bí 70 dọ́là lóṣù, tó bá jẹ́ ìgbà ooru kì í ju 40 lọ, mọ́tò epo tí mo wa tẹ́lẹ̀ ń jẹ tó 190. Ẹ fi ìyẹn ṣírò.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e wá sí Ìbàdàn: nínú àyẹ̀wò AAA kan náà, ooru 35 pẹ̀lú AC mú 17 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn ẹ̀ lọ, kò tó ti òtútù. Ohun tó yẹ kó kàn yín jù ni pé ìrìn tí òtútù dín kù máa padà wá tí ìlẹ̀ bá gbóná, èyí tí ooru bá bàjẹ́ nínú bátìrì kì í padà. Ẹ má páàkì ẹ̀ sínú oòrùn ọ̀sán pẹ̀lú bátìrì tó kún dẹ́nu.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tokunbọ̀ lọ́hùn-ún, kó béèrè bóyá ó ní heat pump (ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta wọ inú mọ́tò), torí kì í jẹ iná bíi híta lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára ẹ̀ máa ń dín kù tó bá ti ń sún mọ́ -20. Kó tún béèrè bóyá bátìrì lè gbóná fúnra ẹ̀, nínú àwọn mọ́tò kan ọdún tí wọ́n ṣe é ló ń sọ bóyá ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Lánàá, àbúrò kan ní Bódìjà tó ń lọ sí Winnipeg fi fọ́tò fúláàtì tó fẹ́ rẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí mi, ó ti rí mọ́tò oníná kan tó fẹ́ rà. Mo fẹ fọ́tò ibi ìpáàkì yẹn títí ó fi rí ṣìbáṣìbo, mi ò rí sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan lára ògiri. Mo ní kó kọ́kọ́ máa wọ bọ́ọ̀sì ná.