Milliput tí mo fi sọ sójà di ìyá àgbà ẹlẹ́rìn-ín: bó ṣe rí lọ́wọ́ mi l'Óṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ère àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú àti yí ojú ẹ̀ padà, bọ́dì fílà tí àwọn panẹ́lì bítà fi ń dí ara mọ́tò ni mo lò fún un, mo rò pé mo gbọ́n ni o, torí Òṣogbo ni mo wà, níbo ni mo ti fẹ́ rí ojúlówó amọ̀ ère? Kí n tó pò ó tán kí n tó nawọ́ mú abẹ́rẹ́ ó ti gan, imú tí mo fẹ́ fi kún un wá dà bí ọ̀pọ̀lọ́ tí kẹ̀kẹ́ márúwá gùn kọjá. Ìgbà yẹn ni mo fara balẹ̀ fowó ra Milliput, amọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ mọ, mo ti ń lò ó láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ báyìí.

Ère tí mò ń sọ yìí, èyí tó jẹ́ orí, ọrùn àti èjìká nìkan ni, rẹ́sínì, irú ike líle kan, ni wọ́n fi ń rọ ọ́, èèyàn á rà á, á kùn ún lọ́dà. Àwa kan wà tí ìyẹn ò tó, a máa gé e, a máa ha á, a máa lẹ amọ̀ mọ́ ọn títí á fi di ẹlòmíì. Tèmi, sójà kan, jẹ́ ìdá 1 nínú 10 èèyàn gidi, ẹ ro ó wò, orí tó jẹ́ sẹ̀ntímítà 23 lọ́rùn èèyàn, 2.3 péré ló máa jẹ́ níbẹ̀. Ẹyin ojú ò tó ìlẹ̀kẹ̀.

Milliput yìí, Wales ni wọ́n ti ń ṣe é, amọ̀ epoxy ni, ìyẹn èyí tó máa ń le fúnra ẹ̀ tí wọ́n bá po apá méjì ẹ̀ pọ̀, ọ̀pá méjì ló wà nínú páálí, gíráàmù 113 ni gbogbo ẹ̀. Ẹ ó gé iye kan náà lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ẹ ó fọwọ́ pò ó bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 5, títí àwọ̀ méjèèjì á fi di ọ̀kan. Ẹ má kánjú níbí, tí ìlà bá ṣì wà nínú ẹ̀, ibẹ̀ ò ní le dáadáa láéláé. Ẹ máa ní bíi wákàtí kan láti fi mọ ọ́n, tó bá fi máa di wákàtí 3 sí 4 ó ti di òkúta, ẹ lè lu ihò sí i, ẹ lè ha á. Kò nílò iná rárá, ohun tó sì jẹ́ kí n yàn án ju Super Sculpey, amọ̀ míì tí wọ́n ń yan, lọ nìyẹn, torí ìyẹn fẹ́ kí ẹ yan òun ní 130°C, rẹ́sínì inú ẹ̀ lè wọ́ nínú irú ooru yẹn, ká má tíì sọ ti àwọn oníná tó lè mú iná lọ láàárín.

Àmọ́ wákàtí kan tí wọ́n ń wí yẹn, wákàtí kan ti ìlú òtútù ni o! Ní oṣù kẹta níbí, tí páànù orí ilé bá ti gbóná tán, ìdajì ẹ̀ ni mò ń rí lò. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé àárọ̀ kùtù ni mo máa ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n èkánná ni mo máa ń pò lẹ́ẹ̀kan, èyí tí mi ò bá tíì kàn mo máa wé e sínú ọ̀rá, mo máa jù ú sínú fíríìsà, òtútù máa ń dá a dúró díẹ̀. Ìyàwó mi ní tóun bá tún rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran òun máa kó èmi àti ère síta, mo ti ra ike olómọrí fún un.

Ó yá, sójà náà. Ó lejú koko bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù. Mo gé fìlà ẹ̀, mo ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ (nínú omi ni kí ẹ ti ha á o, kí ẹ sì bo imú, eruku rẹ́sínì ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró), mo lu ihò sí ọrùn, mo ki wáyà sí i kí amọ̀ lè rí nǹkan dì mú. Ẹni tó bá ti dé igbó Ọ̀ṣun á mọ ọgbọ́n yẹn, àwọn ère ńláńlá tí Àdùnní Olórìṣà àti Adébísí Àkànjí ṣe síbẹ̀, irin ló wà nínú símẹ́ǹtì.

Ẹnu ni mo kọ́kọ́ ṣe, mo fa igun méjèèjì sókè, ó wá ń wò mí bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín torí pé ó fẹ́ yáwó. Dókítà ará Faransé kan, Duchenne, ti kọ ọ́ láti 1862 pé ẹ̀rín tó ti inú wá, ó gbọ́dọ̀ kan iṣan tó yí ojú ká, ẹnu nìkan ò tó. Ojú lọ̀rọ̀ wà ṣáà. Mo lọ bá màmá mi nílé, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín kí n wò wọ́n, wọ́n ní "Ṣé orí ẹ dá báyìí? Kí ni mo fẹ́ máa rín?" ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, mo rí i kedere: ẹ̀rẹ̀kẹ́ gòkè, ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ náà gòkè, ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Mo padà sílé, mo fi amọ̀ bíi wóró ọkà bàbà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo fi igi ìtayín tì í sókè, mo fi abẹ́rẹ́ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sí igun ojú. Ó di ìyá àgbà lójú mi báyìí! Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀ ní 1938, mo fẹ́ràn wọn dọ́ba, àmọ́ wọn ò rẹ́rìn-ín wọn ò sunkún, èmi ẹni tó ń ṣàríyá ni mo ń wá.

Ilà pélé rọrùn lára ẹ̀, ẹ ṣáà dúró kó le díẹ̀ kí ẹ tó fi bíléèdì fà á, á mọ́ rekete. Omi díẹ̀ lórí ìka ló ń jẹ́ kó dán, tó bá pọ̀jù á di ẹrẹ̀, á ṣàn sínú gbogbo ìlà tí ẹ ti fi ojú ṣe.

Gèlè ni ibi tí kò ti dáa tó, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Amọ̀ líle ni, tó bá fẹ́lẹ́ ó máa ń kán. Mo fi Green Stuff, amọ̀ epoxy míì, kún un, ìlàjì-ìlàjì, ìyẹn tó ní búlúù àti yẹ́lò tó máa ń fà bí ṣingọ́ọ̀mù (ẹ gé àárín ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti kanra wọn dànù, ó ti máa ń le tẹ́lẹ̀), mo da àtíkè sórí tábìlì, mo fi ìgò yí i pẹlẹbẹ, mo ká a bí aṣọ, ó gbà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o. Òṣogbo ìlú aró, ọwọ́ tó láwọ̀ ò tì wá lójú, àmọ́ èyí tí kò tíì le yìí lè yún èèyàn lára.

Páálí kan gba 18,000 náírà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú owó ẹni tó gbé e wá, owó gidi ni, àmọ́ mo ti ṣe orí 4 nínú ẹ̀ kò sì tíì tán. Páálí kejì tí mo rà lọ́wọ́ ẹnìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá kan ti le gbagidi láti ìta wọ inú, ẹni náà ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, irọ́ ńlá. Èèpo fẹ́lẹ́ tí ẹ lè fi ọ̀bẹ ha kúrò lásán, ìyẹn ò burú, àmọ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Mo gbé ère náà lọ fún màmá mi. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní gèlè yẹn kéré.