Àpótí Dìwálì ti Ìlúpéjú: fìtílà rẹ̀ dára, gíì rẹ̀ kò tó

Fìtílà mọ́kànlélógún, gíì (bọ́tà tí wọ́n yọ́ mọ́) mílílítà 100: ohun tó wà nínú àpótí Dìwálì, ọdún iná àwọn Híńdù, tí wọ́n ń tà ní Ìlúpéjú l'Ékòó nìyẹn. Ìṣirò yìí ni kí ẹni tó bá fẹ́ ra àpótí náà kọ́kọ́ ṣe kó tó fa owó yọ. Fìtílà amọ̀ kan ń gba síbí ìjẹun kan, bíi mílílítà 15, kó tó lè jó fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Mọ́kànlélógún lọ́nà 15 jẹ́ 315. Gíì inú rẹ̀ kò lè tan ju mẹ́fà lọ, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù á máa wojú olówó wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé kò sí ohun tí ẹ tún máa rà.

Páálí pupa aláwòrán Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, ni, èyí tí ilé ìtajà oúnjẹ Índíà kan ní Ìlúpéjú ń tò sẹ́nu ọ̀nà bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń parí lọ. Ìlúpéjú ni Indian Language School wà, ìdílé Híńdù kò ṣọ̀wọ́n ládùúgbò náà, ọjà yìí kì í sì í pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ará Índíà nìkan ló ń rà á. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ fi dá ọ̀gá rẹ̀ lọ́lá ń rà á, ìyàwó Yorùbá tó fẹ́ ọkọ Híńdù ń rà á. Àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí ẹni tí wọ́n bí sínú ẹ̀sìn náà ti mọ ohun tí kò sí nínú páálí kó tó ṣí i.

Ọjọ́ márùn-ún ni Dìwálì. Dhanteras ló ṣáájú, ọjọ́ tí wọ́n ń ra ohun èlò onírin tàbí wúrà. Naraka Chaturdashi tẹ̀ lé e. Alẹ́ kẹta, òru oṣù Kartika tí òṣùpá kò yọ rárá, ni wọ́n ń bọ Lakshmi, tí iná kéékèèké á sì kún gbogbo ilé. Ọjọ́ kẹrin ni ti Govardhan, òun náà sì ni ọdún tuntun àwọn Gujarati. Ọjọ́ karùn-ún, Bhai Dooj, arábìnrin á fi àmì pupa sí iwájú orí arákùnrin rẹ̀. Alẹ́ kẹta nìkan ni wọ́n di páálí yìí fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀tù pupa inú rẹ̀ á ṣẹ́ kù dé ọjọ́ karùn-ún.

Fìtílà gan-an ló mú kí ọjà náà yẹ ní rírà. Amọ̀ pupa tí wọ́n sun jinná ni, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣónṣó lápá kan níbi tí òwú máa jókòó sí, ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í yí. Ẹni tó bá ti rí àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń tàn nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí tí èèyàn fi ń to iná wẹ́wẹ́ bẹẹrẹ. Kí ẹ tó kúrò níwájú olùtajà, ẹ ní kó ṣí páálí, kí ẹ fi èékánná ta fìtílà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ró gooro pé. Èyí tó bá ró pọ́kú ti là nínú ọkọ̀ ojú omi, kódà bí ojú yín kò rí ìlà lára rẹ̀. Méjì sí mẹ́ta nínú mọ́kànlélógún kì í ṣe ohun ìyanu.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n yọ ọ́ nínú páálí kí wọ́n sì da òróró sí i lójú ẹsẹ̀. Amọ̀ tuntun ń mu epo bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mu òjò. Kò ní pẹ́ tí òróró á fi jò gba ìdí rẹ̀, á fi àbààwọ́n róbótó sílẹ̀ lórí táìlì, òwú á sì jó gbẹ. Ẹ rì wọ́n sínú omi láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà. Ẹ máa rí i tí omi á máa yọ èéhó wúruwùru, atẹ́gùn inú amọ̀ ló ń jáde. Bó bá ti dákẹ́, ó ti mu tó nìyẹn. Ẹ dojú wọn dé sí ibi ìbòòji kí ara wọn gbẹ.

Ẹ fi gíì inú ike kékeré yẹn pamọ́ fún fìtílà tó máa wà níwájú Lakshmi. Fún ti ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé, òróró ẹ̀pà tó. Àdín àgbọn dára jù ú lọ, kì í rú èéfín púpọ̀, òórùn rẹ̀ sì dùn. Àwọn Tamil ti gúúsù Índíà á yan òróró yànmọ̀tí, àwọn ará àríwá á máa wá òróró mústáàdì. Epo pupa ń jó o, òun làwọn bàbá wa fi tanná, àmọ́ èéfín rẹ̀ á sọ ògiri funfun di dúdú kí ilẹ̀ tó mọ́. Kẹrosíìnì kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ láé. Fìtílà yìí ṣí sílẹ̀ gbayawu; bí amọ̀ bá ti gbóná, gbogbo ojú kẹrosíìnì ni yóò gbiná, kì í ṣe orí òwú nìkan. Nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, gíì á dì mọ́ òwú, iná á kú, wọ́n á sì máa bú òwú. Ẹ kọ́kọ́ gbé ike gíì sínú omi gbígbóná kó yọ́.

Oríṣi òwú méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó gùn ni ti ẹnu ṣónṣó fìtílà. Èyí tó rí róbótó tó ní ìrù sókè bí òdòdó tí kò tíì là ń dúró láàárín, òun ni kí ẹ lò fún gíì. Ẹ fi epo rẹ gbogbo ara òwú kí ẹ tó ṣáná sí i, kí ó sì yọ jáde níwọ̀n hóró ìrẹsì kan. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, á máa rú èéfín dúdú. Dìwálì sábà máa ń bọ́ sí ìgbà tí òjò Èkó kò tíì kásẹ̀ ńlẹ̀, nítorí náà ẹ sá òwú sóòrùn díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àti ìṣáná pẹ̀lú.

Ibi tí wàhálà wà jù ni káńfọ̀. Nínú páálí, wọ́n fi bébà lásán wé hóró mẹ́wàá. Káńfọ̀ gidi kì í dúró ní gbangba: ó ń fẹ́ lọ bí atẹ́gùn láìyọ́ sómi, débi pé bí ẹ bá fi máa ṣí i, hóró kan ti lè kéré ju ìdajì. Kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá tí atẹ́gùn kò lè gbà ni ó yẹ. Ohun tó burú ju èyí lọ ni pé ẹni tí káńfọ̀ bá tán mọ́ lọ́wọ́ á ní kí wọ́n sáré ra òmíràn lọ́jà. Ohun tí à ń pè ní káńfọ̀ lọ́jà Mushin tàbí Òyìngbò, àwọn bọ́ọ̀lù funfun tí a ń jù sínú aṣọ àti ilé ìwẹ̀ torí aáyán, nafutalíìnì ni. Májèlé ni. Tí ẹ bá ṣáná sí i, èéfín dúdú kìjikìji ni yóò bò yín mọ́ yàrá. Káńfọ̀ ti ìsìn ń jó mọ́ tónítóní láìní eérú, ìdí tí wọ́n fi ń lò ó níparí ìsìn nìyẹn, nígbà tí wọ́n bá ń gbé iná yí òrìṣà ká. Bí kò bá sí, ẹ fi òwú tí a rẹ sínú gíì rọ́pò rẹ̀. Kò sí Híńdù tó máa bínú sí i.

Ẹ̀tù pupa, kumkum, náà ní tirẹ̀. Ojúlówó ni ata ilẹ̀ pupa (turmeric) tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n wá fi ẹfun oníná tí a ti bu omi pa yí padà láti àwọ̀ ìyeyè sí pupa. Ayédèrú ni àró lásán. Ẹ bu ìwọ̀nba díẹ̀ sórí àwo funfun, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí: bó bá padà di ìyeyè, ojúlówó ni. Ti inú páálí yìí kò yí padà rárá. Èyí kò ba ìsìn jẹ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n fi sí iwájú orí ọmọdé, torí ó lè yún un, ó sì ń ba kọ́là aṣọ funfun jẹ́. Àwọn kan lè ní kí ẹ lo osùn. Àwọ̀ wọn jọra lóòótọ́, igi ni osùn, kumkum kọ́.

Ìrẹsì inú ọ̀rá kékeré tó wà níbẹ̀ ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́, orúkọ rẹ̀, akshat, sì túmọ̀ sí ohun tí kò ṣẹ́. Ẹ má fi ìrẹsì inú àpò ilé yín dípò rẹ̀, torí èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa ni wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó pa á, ẹni tó mọ̀ á sì kọ̀ ọ́. Ẹ̀kúnwọ́ basmati kan tí ẹ ṣà dáadáa á ṣe é.

Ohun tí kò sí nínú páálí rárá ni ti ìkòkò omi tí wọ́n ń pè ní kalash: ìkòkò bàbà tàbí idẹ, omi títí dé ọrùn rẹ̀, ewé máńgòrò márùn-ún tó to ẹnu rẹ̀ yíká, àti odidi àgbọn lórí. Ewé máńgòrò kò wọ́n l'Ékòó, ẹlẹ́wé ọmọ kan á já a fún yín, ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ èyí tí kò ya, tó ṣì so mọ́ ẹ̀ka kan náà. Àgbọn ló ń dani láàmú, nítorí pé àwọn alágbọn ti ń bó irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó dé ọjà. Ẹ bẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ méjì ṣáájú, pàápàá àwọn tó ń kó o wá láti Àgbádárìgì, kí wọ́n dá irun orí rẹ̀ sí. Supari, hóró líle ti ìsìn tó wà nínú páálí, kì í sì í ṣe obì, ẹ má pa á jẹ.

Ìwé ìlànà tó wà nínú rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tó ń gbé Èkó. Aago Delhi ni wọ́n kọ síbẹ̀, Índíà sì fi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ṣáájú wa. Ẹlòmíràn á yọ wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ kúrò, á sì bá ara rẹ̀ nídìí ìsìn lọ́sàn-án gangan. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ níbi tí ẹ wà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, àti bíi wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. L'Ékòó lásìkò náà, oòrùn kì í kọjá aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ jìnnà. Ohun tó kàn yín nínú aago Índíà ni ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin òṣùpá òkùnkùn, òun lẹ ó yọ wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ lára rẹ̀. Ní 2024, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án 31 Oṣù Kẹwàá, ó sì parí díẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ 1 Oṣù Kọkànlá ní Índíà. Oòrùn ọjọ́ méjèèjì wọ̀ sínú rẹ̀ níbẹ̀, ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ọjọ́ tó tọ́. Níhìn-ín, ó ti parí kó tó di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò sí àríyànjiyàn kankan, 31 ni tiwa. Ti 2026 bọ́ sí 8 Oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀tù aláwọ̀ márùn-ún fún rangoli, àwòrán tí wọ́n ń yà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wà níbẹ̀, ó dán, ó sì tó fún àwòrán kan tó fẹ̀ tó àwo fífẹ̀. Tí òjò bá fọ́n sí i, àwọ̀ á wọ táìlì. Ẹ fi ẹfun lílọ̀ ya ìlà rẹ̀ ná. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni ti àtijọ́, èèrà á sì bá yín dá sí ọdún náà.

Àléébù kan wà tó yani lẹ́nu fún ọjà tí wọ́n ń tà l'Ékòó. Àwọn Sindhi wà lára àwọn ará Índíà tó ti pẹ́ jù nídìí òwò níbí, ilé iṣẹ́ Chellarams ti wà láti 1923. Ní Dìwálì, àwọn Sindhi ń bọ hatri, àwòrán ìsọ̀ kékeré tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tó ń dúró fún òwò ilé náà. Kò sí i nínú páálí. Bí ọ̀gá yín bá jẹ́ Sindhi, ẹ béèrè fún hatri lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ olùtajà láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ìyẹn á dùn mọ́ ọn ju páálí lọ.

Àkàrà dídùn inú àpótí tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú kaju katli. Kajú ni wọ́n fi ṣe é, kajú náà ni wọ́n ń pè é lédè Híńdì, lọ́wọ́ àwọn Potogí làwa àtàwọn ti gba orúkọ ọ̀hún. Ó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó bàjẹ́. Ti oníwàrà, bíi peda, bí iná bá lọ mọ́jú, ó ti kan. Àpótí iná títàn oníwáyà tí wọ́n ń fi sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tọ́jú garawa iyanrìn dè é, waya rẹ̀ ṣì ń jóni lẹ́yìn tó bá kú. Ti oníbùgbàù ni kí ẹ gbàgbé, ọlọ́pàá Èkó kì í fojúure wò ó.

Bí ọdún bá ti kọjá, iye páálí tó kù á wálẹ̀. Fìtílà, òwú, okùn pupa àti àwòrán Lakshmi kì í bàjẹ́ dé ọdún tó ń bọ̀, àwọn ni kí ẹ fojú sí. Gúgúrú ìrẹsì inú rẹ̀ á ti rọ̀, káńfọ̀ á sì ti ku bébà.